Ohun tí Màámi Sọ fún Nọ́ọ̀sì

Ògbómọ̀ṣọ́ la sin màámi sí. Tí wọ́n bá bi mí, mo máa ń ní ilé la gbé wọn lọ, àwọn èèyàn á sì ní a ṣe dáadáa. A ò ṣe dáadáa. Ọwọ́ mi gan-an ló sì ti bàjẹ́.

Jos níbí ni sàréè bàbá mi wà. Ìgbà tí ìlú dàrú ni wọ́n kú, ọ̀nà ò gbà, la bá sin wọ́n síbí. Mọ̀lẹ́bí fi bú wa fún ọdún púpọ̀ pé a sin ọmọ àwọn sí àjò. Nígbà tí àìsàn wá dá màámi dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, tí dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé ìtọ́jú tí ara á fi máa tù wọ́n nìkan ló kù, mo ti pinnu pé ẹnikẹ́ni ò ní bú mi lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni màámi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: "Tí mo bá lọ..." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo já lu ọ̀rọ̀ wọn.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, màámi. Ẹ ò ní kú. Ẹ ṣì máa padà sí ọjà Farin Gada lọ bá àwọn oníbàárà yín jà."

Mo pe ìyẹn ní ìfẹ́. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí. Èmi ò jẹ́ kí wọ́n sọ àbọ̀ ọ̀hún pàápàá.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí mo ti jágbe mọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ó ń rìn bí ẹni tó ń ṣeré. Òun ló ń fi òwú tútù nu ètè màámi. Á fa àga, á di ọwọ́ wọn mú, á ní, "Ina jin ki, Mama." Mò ń gbọ́ yín nìyẹn. Màámi, tó ti ń fi Haúsá tajà láti ìgbà ọmọge, á wá máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Inú máa ń bí mi. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń sọ láìdáa.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni màámi dákẹ́. Nọ́ọ̀sì yìí bọ́ ojú wọn, ó tún gèlè wọn wé bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ẹ̀. Ó wá sọ fún mi ní Haúsá pé, "Màmá ní kí n sọ fún yín, ẹ̀gbẹ́ ọkọ àwọn ni kí ẹ sin àwọn sí."

Mo ní àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Ó fa àga tó máa ń jókòó sí wá, ó ní kí n jókòó ti ìyá mi.

Mo pe àbúrò bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n sunkún díẹ̀, wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé ìyàwó wa sọ nǹkan kan kó tó lọ? Ohun tó bá wí náà la máa ṣe."

Tí mo bá ní màámi sọ̀rọ̀, wọ́n á bi mí ta ni màámi sọ ọ́ fún.

"Wọn ò sọ nǹkan kan, bàbá."

Nọ́ọ̀sì náà dúró tì mí, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Inú mi dùn pé kò gbọ́ Yorùbá.