Bí Mo Ṣe Wádìí Àna Nínú Ọkọ̀ Ìgbòkun

Wọn kò tíì pe ìrun àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí Ìlàrè nílùú Ifẹ̀ tí mo ti jókòó sínú mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n mi, Alhaji Bùsárì, tó jẹ́ olórí ẹbí wa, ló sìn mí jáde. Ó di fèrèsé mọ́tò mú, ó ní:

"Gàníyù, o rántí ohun tí a sọ?"

"Mo rántí, Alhaji."

"O ò gbọdọ̀ jẹ, o ò gbọdọ̀ mu. Ẹnu tó bá jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo."

Mo ní mo gbọ́. Ó fi fèrèsé sílẹ̀, a sì gbéra.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ ilé wa. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fẹ́ ọmọ wa, a máa ń rán èèyàn kan lọ wo ìdílé ọkọ. Ẹni náà yóò wo bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, yóò wo bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ẹni tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, yóò sì fetí sílẹ̀ bóyá ìjà tàbí àìsàn kan wà tí wọn kò fẹ́ ká mọ̀. Kò ní jẹ oúnjẹ wọn, kò ní mu omi wọn, títí yóò fi padà wá jíṣẹ́. Èmi náà ti lọ irú iṣẹ́ yìí rí ní Òkè-Ògbó. Mo jẹun kí n tó kúrò nílé, mo sì padà wá bá oúnjẹ ọ̀sán. Lọ́tẹ̀ yìí, iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni ìdílé náà ń ṣe, ojú òkun Indonéṣíà sì ni ọkọ̀ náà wà.

Ràfíátù ni ọmọ tí wọ́n fẹ́ fẹ́. Òun nìkan ni àbúrò mi tó ti di olóògbé fi sílẹ̀ sáyé. Èmi ni walì rẹ̀, ìyẹn ẹni tí ẹ̀sìn wa fún láṣẹ láti fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà láti lọ kọ́ nípa ẹja àti iyùn ní ìlú Màkásà, ibẹ̀ ló sì ti pàdé Ánwárì, ọmọ ọ̀gá ọkọ̀. Nígbà tí a pe Ràfíátù lórí fóònù, kò bá wa jiyàn rárá. Ohun tó sọ ni pé, "Bàbá Àáfà, ẹ wá wò wọ́n. Bí ẹ bá ní kò ṣeé ṣe, mo gbà." Ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju gbogbo ẹrù tí mo dì lọ. Ọmọ tó bá jiyàn, èèyàn lè bínú sí i. Èyí tó ti gbà fún ọ ṣáájú, ẹ̀rù á máa bà ọ́ kí o má baà ṣì í ṣe.

A dúró ní Ẹdúnàbọ̀n nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Mo ra gààrí tó kún àpò kan, mo ra kúlíkúlí àti ṣúgà lé e. Obìnrin tó ń tà á wo àpò náà, ó wò mí.

"Àáfà, ṣé ogun ń bọ̀ ni?"

"Rárá o. Mo fẹ́ lọ wádìí àna ni."

"Wọn ò ní oúnjẹ níbẹ̀ ni?"

"Wọ́n ní."

Ó bu ènì sí i fún mi. Mo rò pé àánú ló ṣe é.

Nínú ọkọ̀ òfuurufú, mo jẹ gbogbo ohun tí wọ́n gbé wá, nítorí pé ọkọ̀ òfuurufú kì í ṣe àna wa. A sọ̀ ní Dóhà, a sọ̀ ní Jàkátà, lẹ́yìn náà ni a dé Màkásà. Ràfíátù kúnlẹ̀ kí mi láàárín pápákọ̀ òfuurufú, àwọn èrò sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ẹrù wọn. Ó ti rù díẹ̀, àmọ́ ara rẹ̀ le. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ooru ìlú náà kò yàtọ̀ sí tiwa. Ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn níbẹ̀, wọ́n ń pè é ní ójèkì, gbogbo èrò ẹ̀yìn ló sì ń dé akoto. Wọ́n ní ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mọ gààrí. Wọ́n máa ń sè é, wọ́n sì máa ń dín in. Mo ra omi àgbọn kan ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rùpáyà. Àyà mi já, títí Ràfíátù fi ṣàlàyé pé kò tó ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Mo sì ra omi inú ike tó pọ̀, nítorí omi ọkọ̀ náà kò tọ́ sí mi láti mu.

Pínísì ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ náà. Igi ni wọ́n fi kàn án láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní etíkun, lójú àwọn ará abúlé. Òpó méjì ló ní, wọ́n ga ju àgbọn lọ, ìgbòkun méje ló sì wà lára wọn. Ìgbòkun ńlá rẹ̀ kì í gòkè bí àsíá. Ńṣe ni wọ́n ń fà á bí ẹni ń fa kọ́tìnnì yàrá. Ó ní ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú, fún ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kọ̀. Ní àsìkò ẹ̀rùn, àwọn òyìnbó ló ń wọ̀ ọ́ láti gbafẹ́. Ní àsìkò tí mo lọ, sìmẹ́ńtì, ìrẹsì, páànù àti fíríìjì kan tó jẹ́ ti olùkọ́ kan ni wọ́n kó sínú rẹ̀, wọ́n ń gbé wọn lọ sí àwọn erékùṣù.

Pak Hámúsà ni ọ̀gá ọkọ̀. Pak ni wọ́n fi ń pe ọkùnrin tó bá dàgbà, bí àwa ṣe ń sọ pé Bàbá. Èèyàn kúkurú ni, ó dé fìlà dúdú, kì í sì í pariwo. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa ń dá a lóhùn bí ẹni pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, mo sì fi ìyẹn sọ́kàn. Ìyàwó rẹ̀ náà wà nínú ọkọ̀. Ibu ni gbogbo wọn ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ìyá. Ánwárì tẹ̀ ba, ó gbé ọwọ́ mi kan iwájú orí rẹ̀. Mo dúró dè é kó dọ̀bálẹ̀. Kò dọ̀bálẹ̀. Ràfíátù bá a sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nígbà tó sì di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó na gbalaja síwájú mi lórí ibi tí wọ́n to sìmẹ́ńtì sí. Ó dìde, ó funfun bí ìyẹ̀fun. Mo ní kí Ọlọ́run bùkún un.

Bí a ṣe wọlé, Ibu gbé àwo kan wá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídín ni, pẹ̀lú ata lílọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dòdò ni. Mo rántí Alhaji Bùsárì.

"Sọ fún wọn pé mo ti yó," ni mo wí fún Ràfíátù.

Ó sọ ọ́. Ibu rẹ́rìn-ín, ó gbé e lọ. Nígbà tó yá, ó gbé ìrẹsì àti ẹja yíyan wá, mo ti yó. Ní alẹ́, ó gbé ọbẹ̀ ẹja wá, mo ṣì yó. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sẹ́yìn sìmẹ́ńtì, mo rẹ gààrí mi.

Wọ́n fa ìgbòkun ní òwúrọ̀. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, ariwo sì dákẹ́, ó wá ku ìró omi lára igi. Mo ti ń kọ́ ọmọ ní ilé kéwú láti ìgbà èwe mi, mo sì ti ka àyọkà tó sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ tí Ọlọ́run ń mú rìn lórí òkun fún wọn láìmọye ìgbà. Ọjọ́ náà ni mo tó mọ ohun tí mo ń kà. Omi náà mọ́ débi pé mo rí òjìji ọkọ̀ wa lórí yanrìn nísàlẹ̀. Omijé bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn ìyẹn, mo bì. Gààrí ni.

Ní Ifẹ̀, ìlà-oòrùn ni a ń kọjú sí láti kírun. Ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń kọjú sí ní tiwọn, nítorí pé Mẹ́kà ló wà láàárín wa. Pak Hámúsà ló ṣe lèmọ́mù wa. Ọkọ̀ yí nígbà tí a wà ní ìforíkanlẹ̀, nígbà tí a sì dìde, oòrùn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó kírun náà parí láìwo ẹ̀yìn. Mo fi ìyẹn náà sọ́kàn.

A já ẹrù ní Sèláyà, erékùṣù gígùn kan tí òkè rẹ̀ kún fún igi àgbọn. Àwọn erékùṣù kéékèèké tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni a tún fẹ́ lọ, àwọn kan kò tóbi ju ìdajì Ìlàrè lọ, yanrìn funfun, ilé onípáákó àti mọ́ṣáláṣí kan. Afẹ́fẹ́ dára, àwọn òṣìṣẹ́ ti gba ibi iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò fa ìdákọ̀ró. Wọ́n jókòó. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Pak Hámúsà gbé àwo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá síwájú mi, Ibu sì tẹ̀ lé e.

Ràfíátù ní, "Bàbá Àáfà, wọ́n ní ọkọ̀ ò ní lọ."

"Kí ló ṣe ọkọ̀?"

"Ẹ̀yin ni."

Ó ṣàlàyé fún mi. Níbẹ̀, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò, tó sì lọ láìfọwọ́ kàn án, wọ́n gbà pé aburú lè pàdé rẹ̀ lọ́nà. Tó bá jẹ́ pé lórí ilẹ̀ ni, òun nìkan ni yóò pàdé rẹ̀. Nínú ọkọ̀, gbogbo wọn ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ti fara dà á láti Màkásà dé Sèláyà, wọ́n ní ó tó.

"Wọ́n ní kí ẹ kàn fi ìka kàn án."

Inú bí mi díẹ̀. Mo ní, "Sọ fún wọn pé kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀sìn wa."

Ó sọ ọ́. Pak Hámúsà dáhùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ràfíátù wo ilẹ̀.

"Túmọ̀ rẹ̀."

"Wọ́n ní àìjẹun nílé àna ńkọ́, ṣé inú ẹ̀sìn ló wà?"

Mo bi í pé ta ló sọ fún wọn.

"Èmi ni, Bàbá Àáfà. Wọ́n rò pé ẹ ò gbà pé oúnjẹ wọn jẹ́ hàláálì. Ibu ti sunkún."

Ibu fúnra rẹ̀ wá sọ̀rọ̀, ó sì pẹ́ kó tó parí. Ràfíátù túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní àwọn náà ní irú àṣà yìí. Mámanu-manu ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé kí èèyàn máa fò káàkiri bí ẹyẹ, kó máa wo ìdílé ìyàwó. Ó ní òun kì í wọ ọkọ̀, òkun kì í bá òun lára mu. Torí kí òun lè wò mí ni òun ṣe wọ èyí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni òun ní: bí ọmọ òun bá dé ilé wa, ṣé a máa fún un lóúnjẹ? Torí pé ohun tí òun rí ni ọkùnrin kan tó ń fi ebi pa ara rẹ̀ lẹ́yìn sìmẹ́ńtì.

"Kí ni wọ́n tún sọ?"

Ràfíátù ní, "Wọ́n ní àwọn ò rò pé àwọn lè gbà."

Láti Ìlàrè títí dé ibẹ̀, ohun tí mo rò ni pé ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ náà wà. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé wọ́n lè kọ̀ wá.

Mo na ìka kan, mo fi kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Èyí kò ba àṣà wa jẹ́, nítorí n kò jẹ ẹ́, ó sì tẹ́ àṣà tiwọn lọ́rùn. Àwọn òṣìṣẹ́ dìde lójú ẹsẹ̀, ìdákọ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo rò pé mo gbọ́n. Ṣùgbọ́n Ibu ṣì dúró níbẹ̀, ó ń wo ìka mi tí epo wà lórí rẹ̀. Ràfíátù kò wò mí rárá. Òkun ló kọjú sí. Ó ti gbà tẹ́lẹ̀, kò sì ní bẹ̀ mí.

Mo ní kí wọ́n bu omi wá. Mo fọwọ́, mo ní Bísímíláì, mo sì jẹ ẹ́. Ata rẹ̀ le. Mo jẹ àwo náà tán, mo ní kí wọ́n bu sí i. Mo ní, "Sọ fún wọn pé ní ilé wa, a máa ń fún àlejò lóúnjẹ títí yóò fi bẹ̀bẹ̀ pé ó ti tó." Nígbà tó túmọ̀ rẹ̀, Ánwárì bú sẹ́rìn-ín níbi tó ti ń fa okùn. Ibu jókòó tì mí, ó mú ọ̀kan nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Láti ọjọ́ yẹn, mo jẹ ohun gbogbo: ẹja, ìrẹsì, àkàrà àgbọn. Mo fún wọn ní gààrí. Pak Hámúsà tọ́ ọ wò, ó ní ó dára fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá rì.

Alhamdulilahi, mo padà délé láyọ̀. Gbogbo ẹbí ti pé sí pálọ̀ Alhaji Bùsárì. Mo sọ ohun tí mo rí: ilé tí kò sí ariwo, ọ̀gá tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn, ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Alhaji gbọ́ ọ tán.

"O jẹun?"

"Mo jẹ."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"N kò kà á mọ́, Alhaji."

Alhaji mi orí. Ó ní, "A jẹ́ pé ẹ̀rí rẹ kò dúró. A ní láti rán ẹlòmíràn." Ó wo yíká. Ẹni tó bá wò ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Mo ní kó jẹ́ kí n sọ ohun kan tó kù. Mo sọ fún wọn pé ẹni tó bá lọ wo ilé onílé, kó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun náà, pé ohun tí mo kọ́ nínú ìrìn àjò náà nìyẹn. Mo wá sọ ìbéèrè Ibu.

Alhaja, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyá ọlọ́mọ ń bèèrè bóyá a máa fún ọmọ òun lóúnjẹ, ẹ wá jókòó, ẹ ń wá ẹ̀rí?"

Alhaji Bùsárì ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ parí. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n pe Ràfíátù. Nígbà tó gbé e, Alhaji gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Ràfíátù, bá mi bèèrè lọ́wọ́ ìyá yẹn: kí ni ọmọ wọn kì í jẹ?"

Ràfíátù bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Ọmọ ilé wa ni, ó sì mọ̀ pé ẹni tí a kò bá ní fún lọ́mọ, a kì í bèèrè ohun tí kì í jẹ.