Ọjọ́ Tí Mo Pa Iná Yàrá Kọ̀ǹpútà

Ọkọ mi kú nígbà ọyẹ́. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, aṣọ dúdú ṣì wà lọ́rùn mi, àwọn ará ọ́fíìsì wa ní Dùgbẹ̀ kò sì mọ bí wọn yóò ṣe wojú mi. Wọ́n á ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù." Màá dúpẹ́, màá wọ yàrá kọ̀ǹpútà lọ.

Èsì ìdánwò ni ọ́fíìsì wa ń ṣe. Kọ̀ǹpútà náà gba ògiri kan tán, òtútù ló sì fẹ́, nítorí náà ẹ́ẹ̀sì kì í sinmi níbẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, iṣẹ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn, a ó tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè. Lọ́dún tó ṣáájú, èsì pẹ́ títí, àwọn òbí ń wá jókòó sórí àtẹ̀gùn wa láti àárọ̀.

Ọ̀gá wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń gbé Onírèké, ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ra bátìrì ńláńlá tí yóò gbé kọ̀ǹpútà ró títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi gbéra. Inú gbogbo wa ì bá dùn, ṣùgbọ́n wọ́n ní, "A ò tíì mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Àwa fúnra wa la máa pa iná, lójú gbogbo wa."

Bí ẹ̀rọ olówó gọbọi yẹn bá bàjẹ́, orúkọ ẹni tó fọwọ́ kan súwíìṣì ni wọn yóò máa pè. Ẹ̀gbọ́n tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀, Aládùúrà ni wọ́n, ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà ná." A gbàdúrà. A ṣe àmín. Kò sẹ́ni tó mira.

"Ẹ jẹ́ kí n pa á," mo wí.

Ọ̀gá wò mí. "Ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Rárá, sà."

Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè mí sí ọsibítù, nǹkan kan kò bà mí lẹ́rù mọ́, nǹkan kan kò sì dùn mọ́ mi. Mo di súwíìṣì mú, mo fà á wálẹ̀.

Gílóòbù kú, ẹ́ẹ̀sì kú. Kọ̀ǹpútà kò kú. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kò dún níta, ooru sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Ọ̀gá ní ká tètè rọra pa kọ̀ǹpútà kí ooru tó bà á jẹ́. Èmi náà ni mo pa á.

Ẹ̀gbọ́n wọlé, ọwọ́ wọn ti dọ̀tí fún epo ẹ̀rọ. Bátìrì kékeré tó yẹ kó ta jẹnẹrétọ̀ jí ló ti kú.

"A ra ńlá, a gbàgbé kékeré," ọ̀gá wí. "Ó sàn bó ṣe jẹ́ òní."

Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà, àràárọ̀ Mọ́ńdè la fi ń pa iná fúnra wa, èmi ni mo sì máa ń pa á.

Nígbà tí àkókò èsì dé, òjò ńlá kan gbé iná lọ lọ́sàn-án. Jẹnẹrétọ̀ bú ramúramù kí yàrá tó móoru. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò tilẹ̀ dúró. Èsì jáde lọ́jọ́ tí a dá. Ìyá kan ń jó lórí àtẹ̀gùn, ó di mọ́ ọmọ rẹ̀. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá.

Ẹ̀gbọ́n ra míníráà fún mi. "Àbúrò mi, o láyà o."

Mo dúpẹ́, mo mu ún. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé fún wọn pé kì í ṣe àyà.

Nígbà tí mo délé ní Agbówó, màmá mi, tó wá ń gbé pẹ̀lú mi, ti se ìrẹsì.

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Ó lọ dáadáa, mà."

Wọ́n bu oúnjẹ fún mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi oúnjẹ sílẹ̀ láàbọ̀, ṣùgbọ́n mo jẹ eléyìí tán láìmọ̀. Wọ́n wo abọ́ náà, wọ́n tún bù sí i.