Oògùn Tí Jìbírílù Gbé Mì Ṣáájú Ẹ̀rọ

Ẹ wo Jìbírílù aránṣọ, ọmọ Ọ̀wọ̀, tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ kódà nídìí máṣíìnì tirẹ̀! Òun ni kíndìnrín daṣẹ́ sílẹ̀ fún lọ́dún 1982, tí wọ́n wá ń so mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Èkó. Ara rẹ̀ ò balẹ̀ rárá. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ so yìgì Sàlímọ́tù, àkọ́bí rẹ̀, ní Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú ọmọkùnrin kan láti ìlú Ìpele, ẹnu òun baba ló sì yẹ kí ìyọ̀ǹda ti jáde níwájú àwọn àlùfáà.

"Dókítà, ẹ dákun, ẹ jẹ́ n relé."

"Ẹ̀jẹ̀ yín ṣì ń ru, bàbá. Bó bá wálẹ̀ lónìí, tí ẹ̀rọ sì parí iṣẹ́ láìsí wàhálà, ẹ lè lọ."

Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárọ̀ ọjọ́ ẹ̀rọ, torí bí ẹ̀rọ bá ti ń fa omi kúrò lára, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ a máa lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Jìbírílù gbọ́. Ó gbọ́ dáadáa! Ṣùgbọ́n bí Ṣẹ̀fíátù ìyàwó rẹ̀ ṣe jáde lọ ra ẹ̀kọ báyìí, ó da oògùn àárọ̀ pọ̀ mọ́ ti ìrọ̀lẹ́, ó gbé e mì káló.

Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá rẹ̀, ó ní ó mà dára o. Jìbírílù ń mi ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí ìyàwó òun, tó ti ra ẹ̀kọ dé, máa di ẹrù.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi. Kò pẹ́, ó yán, ó tún yán. Òógùn tútù bò ó.

"Ṣẹ̀fíátù, ta ló paná?"

Ọ̀sán gangan ni o! Ṣẹ̀fíátù figbe ta. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, wọ́n dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n fa omi oníyọ̀ sí i lára kó tó lajú.

"Ṣé ó ti wálẹ̀?" lọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ.

"Bàbá Sàlímọ́tù! Èwo la fẹ́ kọ́kọ́ ṣe ní Ọ̀wọ̀, ìsìnkú yín àbí yìgì?"

Nígbà tí Jìbírílù jẹ́wọ́ oògùn tó gbé mì, Dókítà ò pariwo. Ó ní omi tó yẹ kó kúrò ṣì wà lára rẹ̀, kò lè lọ síbì kankan mọ́.

Jìbírílù kọjú sí ògiri, ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó yá, ó nu ojú rẹ̀.

"Gbé ẹrù rẹ, kó o máa lọ. Kí Hàmídù àbúrò mi gbẹnu sọ fún mi."

"Ta ni kí n fi yín sílẹ̀ fún?"

"Àwọn nọ́ọ̀sì wà. Ọmọ yẹn ò gbọdọ̀ wá àwa méjèèjì tì."

Ṣẹ̀fíátù kó gbogbo oògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kó wọn lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, kó tó gbé ẹrù rẹ̀ jáde.