Ìwé Ilé Tó Wọ Omi Ọṣẹ

Òfin kan ṣoṣo ni Ìyá Alágbàfọ̀ ní: a kì í rẹ aṣọ láì yẹ àpò rẹ̀ wò. Òrùka, kọ́kọ́rọ́, eyín àtọwọ́dá pàápàá, gbogbo rẹ̀ ló ti bá lápò oníbàárà rí, tó sì dá a padà fólóhun. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àpò tirẹ̀ gan-an ni kò yẹ̀ wò lọ́jọ́ tó fọ ìwé ilé rẹ̀ mọ́ aṣọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé náà tó sì tọwọ́ bọ̀ ọ́, pé òun ti fi ilé náà ta àbíkẹ́yìn òun lọ́rẹ, ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti ń lọṣọ àti yàrá òkè tí wọ́n ń sùn. Ọmọbìnrin yìí ló ti bá a dúró ti áyọ́ọ̀nù láti kékeré. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń gbé lọ́nà jíjìn, ti sọ lórí fóònù pé bí Màmá bá ti lọ, títà làwọn máa ta ilé. Àtọjọ́ náà ni ìyá yìí kò ti rí oorun sùn dáadáa. Níbo lọmọ òun máa forí lé?

Nígbà tó rí ìwé náà nínú ọpọ́n, ó ti di sítáàṣì. Ó bú sẹ́kún. Orí ẹkún náà ni lọ́yà tí wọ́n ń bá fọṣọ bá a, tó wá gba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ro ohun tó wà nínú ìwé náà fún un.

“Ẹ fara balẹ̀, Màmá. Èló lẹ ra ilé yìí?”

“Owó kékeré ni. Ẹrẹ̀ ni gbogbo àdúgbò yìí nígbà yẹn. Ṣe làwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín.”

“Lónìí ńkọ́?”

Ó nawọ́ sí ilé gogoro tó wà lódìkejì. “Ẹ wo ẹni tó di aládùúgbò mi.”

Lọ́yà rẹ́rìn-ín. “Omi ọṣẹ yìí ló gbà yín o. Bẹ́ ẹ bá fún ọmọ yín nísinsìnyí, iye kékeré tẹ́ ẹ rà á ni wọ́n á fi máa ṣírò èrè ẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá tà á, ìjọba á gba owó orí lórí gbogbo èrè àtìgbà ẹrẹ̀ wá. Àmọ́ bó bá jogún ẹ̀, iye tílé bá tó lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kú ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká kọ ìwé ìhágún. Bẹ́ ẹ bá ti dárúkọ ẹ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa lé e jáde.”

“Ìyẹn ni pé kí n kú ló pé wa jù?” Ẹ̀rín pa òun náà, omijé ò tíì gbẹ lójú ẹ̀.

Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé náà níwájú àwọn ẹlẹ́rìí ní ọ́fíìsì lọ́yà, ibẹ̀ náà ló sì wà. Síbẹ̀, bí ìyá àtọmọ ṣe ti ibẹ̀ dé ilé, ọmọ yẹ gbogbo àpò ìyá rẹ̀ wò kó tó jẹ́ kó bọ́ṣọ.

Inú ìyá ń dùn. Ó fi ọmọ ṣẹ̀fẹ̀ nídìí áyọ́ọ̀nù: “O kú oríire o, onílé. Ó kù kí n máa lọ.”

Ọmọ gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

“Màámi, ẹ má tíì jẹ́ kó di tèmi o. Ilé yín ni mo fẹ́ máa gbé.”

Ìyá gbé áyọ́ọ̀nù náà, ó ní kó lọ jókòó, òun ṣì lonílé.