Alápatà Tí Kì í Pa Ẹran Lójú Ìyá Ẹran

Bí ẹ bá rí Ràsáàkì Alápatà lẹ́nu ọ̀nà ilé yín ní Ṣakí láàárọ̀ ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún, ẹ mọ̀ pé ẹran kan nínú ẹran yín ti fẹ́ kú nìyẹn. Nítorí náà, inú àwọn èèyàn kì í dùn láti rí i. Kì í ṣe pé ó burú o. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, kì í bá aya rẹ̀ jà, kì í sì í ki egungun bọ àárín ẹran fún oníbàárà. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kì í ṣe ohun kékeré láàárín àwọn alápatà, kí àwọn tó wà láyé lónìí má bínú sí mi.

Ìyá mi ló sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé nígbà ogun Jámánì, ọmọge tí kò tíì relé ọkọ sì ni ìyá mi.

Ohun kan wà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ Ràsáàkì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í pọ́n ọ̀bẹ lójú ẹran, kì í sì í pa ẹran kan lójú òmíràn. Gbogbo alápatà tó bá kéwú ló mọ̀ pé bó ti yẹ kó rí nìyẹn, ṣùgbọ́n ta ló ń ṣe gbogbo ohun tó mọ̀? Lọ́jọ́ ọjà, tí oníbàárà bá pọ̀, àwọn yòókù a to ẹran sílẹ̀ bí ebè, wọn a máa pa á lọ. Ràsáàkì ní tirẹ̀ a ta ẹní mọ́ igi, a máa mú ẹran wọ ẹ̀yìn ẹní náà lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì bu yẹ̀pẹ̀ bo ẹ̀jẹ̀ kó tó lọ mú òmíràn wá. Wọ́n ní bó bá ṣe díẹ̀ sí i, yóò máa tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ewúrẹ́. Ràsáàkì a sì rẹ́rìn-ín, a ní ewúrẹ́ kò ṣẹ òun.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọyẹ́ mú gan-an, koríko sì gbẹ dé etí odò. Àdìjátù, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Fàtímọ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ opó ni. Nígbà tí wọ́n pín ogún ọkọ rẹ̀, abo màlúù kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Ládòkun, àbúrò rẹ̀. Ládòkun kì í ṣe ọ̀kánjúwà. Ó ní oyún tó wà nínú màlúù náà, ti ìyàwó àwọn ni, kó máa fi tọ́ ọmọ. Ó sì fi ìyá màlúù sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé obìnrin náà títí ọmọ yóò fi lè dá jẹ koríko. Ọmọ màlúù yẹn nìkan ni Ìyá Fàtímọ̀ rí mú jáde nínú gbogbo ọdún tó fi wà nílé ọkọ.

Màlúù bí, ọmọ yè, inú wọn dùn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ náà. Ó rù, awọ ara rẹ̀ ń tú, nígbà tó sì di àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n jí bá a nílẹ̀, kò lè dìde mọ́. Ìyá rẹ̀ dúró lé e lórí, ó ń lá a. Ìyá Fàtímọ̀ wò ó títí, ó sì ránṣẹ́ pe Ràsáàkì.

Kò sí ìkà níbẹ̀. Ẹran tó bá fúnra rẹ̀ kú, òkúǹbete ni. Mùsùlùmí kankan kò ní í jẹ ẹ́, kò ní í rà á, inú igbó ni wọ́n máa wọ́ ọ jù sí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ bá bá èémí nínú rẹ̀, ẹran ni, wọ́n lè tà á, kí opó fi ohun tó bá rí níbẹ̀ ra ewúrẹ́ kan so mọ́lẹ̀.

Ràsáàkì dé, ó wo ọmọ, ó wo ìyá, ó ní kí wọ́n mú ìyá kúrò níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Màlúù náà kì í gbà fún ẹnikẹ́ni àfi Ládòkun, Ládòkun sì ti bá àwọn oníṣòwò lọ sí Kísí. Àwọn géńdé fi okùn fà á, ó fi ìwo ti ọ̀kan wọ inú ààtàn. Wọ́n gbé ọmọ lọ sẹ́yìn ògiri, ó já okùn, ó wó ọgbà, ó sì bá wọn níbẹ̀.

"Alápatà, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ náà," ni Ìyá Fàtímọ̀ wí. "Ṣé màlúù máa lọ rojọ́ ni?"

"Kò ní í rojọ́."

"Kí ló wá dé?"

"Mi ò lè ṣe é lójú rẹ̀, Ìyá Fàtímọ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró de Ládòkun."

"Bó bá kú kí Ládòkun tó dé ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin lẹ máa san án fún mi?"

Èmi ò ní í tàn yín jẹ, obìnrin náà ló jàre. Ó rọrùn kéèyàn máa fi ohun olóhun ṣàánú. Òun náà ì bá sì ti pe alápatà mìíràn, àmọ́ ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ ni Ràsáàkì, òun ló ń bá wọn pa ẹran ọdún láti ọjọ́ tí obìnrin náà ti wọlé ọkọ. Bó bá fi í sílẹ̀ pe ẹlòmíràn, ìwọ̀sí gbáà ni.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ojú ọmọ màlúù náà ti ń yí. Ìyá Fàtímọ̀ sáré lọ pe Ràsáàkì fúnra rẹ̀. Ọkùnrin náà dé, ó rí i pé kò sí àkókò mọ́, ló bá kúnlẹ̀, ó fa ọ̀bẹ yọ nínú àkọ̀, ó gbé e sẹ́yìn ara rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì di ọrùn ẹran náà mú. Ni ìyá màlúù bá tẹrí ba, ó ń lá orí ọmọ rẹ̀, ó sì lá ọwọ́ Ràsáàkì mọ́ ọn.

Ràsáàkì dá ọ̀bẹ padà sínú àkọ̀.

"Ẹ bá mi gbé omi kaná," ó ní. "Bí mi ò bá lè pa á lónìí, n ó mú kó pẹ́ títí Ládòkun á fi dé."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ayé. Alápatà ń tọ́jú ẹran kó má baà kú, kí òun lè rí i pa. Ó po iyọ̀ àti oyin mọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́, ó ń fi ìka tọ́ ọ sí i lẹ́nu. Ó ní kí wọ́n ro ògì ọkà bàbà kó ṣàn dáadáa. Ó tẹ́ koríko gbígbẹ sí i lábẹ́, ó ń yí i láti ìhà kan sí ìkejì, ó sì ń fi òrí ra á lẹ́sẹ̀ láti itan dé pátákò. Ìyá màlúù tí ń kan géńdé dúró jẹ́ẹ́ fún un kó fún wàrà. Láàárín gbogbo èyí, àtẹ rẹ̀ lọ́jà ṣófo, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ki egungun bọ ẹran.

Ìyá Fàtímọ̀ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, inú ń bí i.

"Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ jù o, Alápatà. Ẹ ṣì máa pa á ni."

"Mo mọ̀."

Ṣùgbọ́n òun náà ló ń dá iná omi, òun ló sì ń gbé oúnjẹ wá fún ọkùnrin náà.

Ìgbẹ́ gbuuru dá. Ojú ẹran náà là, etí rẹ̀ ń gbọ̀n eṣinṣin nù. Àmọ́ kò dìde. Wọ́n fi aṣọ gbá a nínú gbé sókè, ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fì. Ṣé ẹ rí i, ibi tó dùbúlẹ̀ sí ni wàrà ń bá a, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ń lá a, ibẹ̀ ni Ràsáàkì ti ń ra á lẹ́sẹ̀. Àkọ́bí ìyàwó olówó kì í gbádùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìbàdí rẹ̀ ti ń bó, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ògì. Ràsáàkì mọ̀ pé ẹran tó bá pẹ́ nílẹ̀, ilẹ̀ ní í jẹ ẹ́.

Ládòkun dé láti Kísí. Wọ́n ròyìn fún un, ó mi orí, ó bu káún sí àtẹ́lẹwọ́, ó na ọwọ́ sí màlúù náà. Màlúù lá a, ó sì tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́wọ́ jáde, ó di ẹ̀yìn ilé àwọn Oyèlékè ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Kíá ni àwọn aládùúgbò dé. Oníkálukú gbé igbá dání, ìyá mi náà gbé tirẹ̀; ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ní kó gbà wálé.

Ràsáàkì yí ojú ọmọ màlúù náà sí ìlà-oòrùn, ó fọwọ́, ó gba ẹ̀yìn ògiri lọ pọ́n ọ̀bẹ. Bó ṣe ń padà bọ̀ ni ìyá màlúù ké láti ọ̀nà jíjìn. Ọmọ gbórí sókè. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ìyá rẹ̀. Ó ké, ohùn rẹ̀ ò ju ti ewúrẹ́ lọ. Ó gbé ìdí sókè, ó wó. Ó tún gbé e, ó fi eékún iwájú rìn díẹ̀, ó sì dìde, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ya, gbogbo rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ọkùnrin kan láàárín àwọn onígbá wí pé, "Alápatà, ìyá ò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ ṣe é báyìí. Bó bá tún wó, òkúǹbete ni."

Òótọ́ ló sọ. Ràsáàkì kọjú sí Ìyá Fàtímọ̀.

"Tiyín ni," ó ní. "Mi ò lè fi dá yín lójú pé á yè. Ó lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tẹ́ ẹ bá wí ni n ó ṣe."

Ewúrẹ́ tó fẹ́ rà wà lọ́kàn obìnrin náà, ìyà ọmọ rẹ̀ wà lọ́kàn rẹ̀, ó sì ń wo ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n wọ̀nyẹn. Ìyá mi ní òun rí i tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ẹ yà fún un," ó ní. "Ìyá rẹ̀ ló ń wá."

Àwọn onígbá yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà sósì. Ọmọ màlúù náà gbẹ́sẹ̀, ó ta gọ́ọ́-gọ́ọ́, ó tún gbẹ́sẹ̀. Ràsáàkì tẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹran náà fì, ó fẹ́ wó. Ìgbà náà ni Ràsáàkì tó rí i pé ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ òun. Kò wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, inú igbá ìyá mi ló fi ọ̀bẹ sí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹran náà mú ní ìbàdí, ó ń sọ fún un pé, "Rọra. Rọra. Mo wà lẹ́yìn rẹ."