Ogójì Lé Lẹ́gbẹ̀ta Kílò

Bàbá mi ní ọ̀dínatọ̀ àtijọ́ kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà, nílé wa ní Bassila, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin náà ní tirẹ̀ ní Manigri, nínú yàrá tó ń kó iṣu sí. Akọ̀wé ni àwọn méjèèjì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ibi iṣẹ́ wọn ni wọ́n sì ti gba ẹ̀rọ náà nígbà tí wọ́n fẹ́ kó wọn dà nù. Ẹ̀rọ tí kò mọ orin, tí kò mọ àwòrán. Ojú wọn dúdú, lẹ́tà funfun ló ń ṣẹ́jú níbẹ̀. DOS ni orúkọ ohun tó ń darí wọn: DOS kẹta ni ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi, DOS karùn-ún tó jẹ́ àbúrò ni ti bàbá mi.

Iyè ẹ̀rọ, ìyẹn àyè tó ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ogójì lé lẹ́gbẹ̀ta kílò iyè ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní. DOS á kọ́kọ́ jẹ tirẹ̀ níbẹ̀, á wá fi ìyókù sílẹ̀ fún iṣẹ́. DOS ta ló jẹun jù? Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn fà lórí fóònù láràárọ̀ nìyẹn, bí ẹlòmíràn ṣe ń béèrè àlàáfíà.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní, “Àna mi, ẹ gbé e wá kí gbogbo ayé rí i.”

La bá wọ ọkọ̀ lọ sí Manigri, bàbá mi, ìyá mi àti èmi, ẹ̀rọ wà lórí itan mi nínú ìró ìyá mi bí ọmọ tí wọ́n ń gbé lọ gba abẹ́rẹ́. Àwọn ará àdúgbò ti pé sínú ọgbà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kílò náà fún wọn. Àgbẹ̀ kajú kan dìde, ó fi ọwọ́ kan gbé ẹ̀rọ bàbá mi sókè, ó mi orí.

“Ogójì lé lẹ́gbẹ̀ta kẹ̀? Èyí ò tó kílò mẹ́wàá. Wọ́n ti rẹ́ yín jẹ.”

Wọ́n tan ẹ̀rọ méjèèjì. Àyè tó kù lára ti Manigri pọ̀ ju ti bàbá mi lọ dáadáa. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá mi ní kí wọ́n dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ohun tí DOS rẹ̀ ń gbé rù kúrò: ó yọ ti eku tí wọ́n fi ń tọ́ka sí nǹkan lójú ẹ̀rọ, ó yọ èyí àti èyí, níkẹyìn ó yọ apá tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ̀ pé bí àwọn Faransé ṣe ń to lẹ́tà ni wọ́n to ti klafíè wa, pátákó bọ́tìnì tí a fi ń tẹ̀wé. Ó pa á, ó tún un tàn.

Kí ẹ̀rọ bàbá mi tó lè sọ iyè tó kù, èèyàn ní láti tẹ M, E, M. Bàbá mi tẹ M. Àmì kan tó ní ojú kan àti ìrù ló jáde. Ẹ̀rọ ń rò pé Amẹ́ríkà lòun wà.

“M dà?” ni bàbá mi wí. Ó ń tẹ bọ́tìnì lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn ń pariwo ohun tó bá jáde: ó tẹ A, Q ló jáde. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti ilé ìdáná dé, ó bi mí pé kí ló sọnù.

“M ni, mà.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì.

Orí bọ́tìnì kọ́mà ni wọ́n ti rí i. Ẹ̀rọ bá sọ tẹnu rẹ̀: bàbá mi fi díẹ̀ borí.

“Ẹ̀rọ tí ò mọ M lẹ fi borí mi?” ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi wí, inú ń bí i.

“Ẹ̀gbọ́n, kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n àyè ń bẹ níkùn ẹ̀.”

Ìyá mi wá béèrè pé, “Kí lẹ fẹ́ fi sínú àyè ọ̀hún?”

Iyán ló gba àwọn méjèèjì sílẹ̀, torí ìgbà yẹn ni wọ́n gbé e dé.

Kò pẹ́ sí i tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi náà fi yọ ti Faransé kúrò nínú ẹ̀rọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìwé ni wọ́n ń tẹ̀ síra wọn, ọlọ́kadà ló ń gbé e. Èyí tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Qnq ;i.” Èmi ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Bàbá mi kà á geere: “Àna mi, iṣu tuntun ti jáde.”

Mo ní, “Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò dá lẹ́tà padà sí àyè rẹ̀?”

Ó wò mí bí ẹni tó ní kó fi ilé rẹ̀ tọrẹ.

“Kó wá máa jẹ mí níyè?”