Ohun Tó Jáde Lábẹ́ Ìrọ̀rí Màmá Stoyna

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Haralampi ti ń gbé nílé Màmá Stoyna, ìyá ìyàwó rẹ̀, ìyá náà kò sì pe orúkọ rẹ̀ rí. Bó bá fẹ́ kó gé igi ìdáná, á ní, "Ìwọ yẹn, igi ti tán." Bó bá fẹ́ bú u fún aládùúgbò, á ní, "ẹni tó wà nílé wa." Bí inú rẹ̀ bá dùn, èyí tí kì í ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún, á ní, "ọkọ Vasilka." Kò sí ohun tó ṣe orúkọ ọ̀hún. Orúkọ ẹni mímọ́ ni, ẹni mímọ́ tí àwọn olóyin ń gbé oyin lọ bá ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì. Ẹni yòówù tó bá ń jẹ́ Haralampi, ọjọ́ náà ni ọjọ́ rẹ̀, àwọn èèyàn á sì rọ́ wá sílé rẹ̀ láti jẹ àti láti mu láìjẹ́ pé ó pè wọ́n. Haralampi tiwa kì í ṣọdún ọjọ́ rẹ̀ rárá. Ilé ta ni yóò gba àlejò sí?

Àkìbọlé ni àwọn ará Trankovitsa ń pe irú rẹ̀, ìyẹn ọkùnrin tó gbéyàwó tán tó wá di ẹrù tirẹ̀ wá sílé àna, bí àkísà tí wọ́n kì bọ ihò ògiri. Ní abúlé yẹn, ẹ lè jalè, ẹ lè mutí yó kí ẹ sùn sínú gọ́tà lójú àlùfáà, wọ́n á gbàgbé tó bá di ọjọ́ kejì. Wọn kì í gbàgbé àkìbọlé. Bí Haralampi bá wọ ilé ọtí, ẹnì kan á kígbe pé, "Ẹ sún fún un o! Ó ti mọ́ ọn lára kí wọ́n máa sún fún un!" Haralampi á rẹ́rìn-ín, á jókòó sétí bẹ́ǹṣì, á mu tirẹ̀. Ó ń dùn ún. Ó kàn jẹ́ pé kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn lè fi ojú ṣe ju kó rẹ́rìn-ín lọ.

Àpótí kan àti ẹyẹlé méjì ló gbé wá láti abúlé tó wà lódì kejì odò. Àwọn ẹyẹlé náà fò padà sílé wọn lọ́jọ́ kejì, Haralampi fúnra rẹ̀ ló sì máa ń sọ pé ìtìjú wọn ju tòun lọ. Ó ṣèlérí fún Vasilka pé òun á kọ́lé. Ó gbẹ́ ìpìlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọgbà lóòótọ́, ó to òkúta dé orúnkún, ló bá kù díẹ̀, ló bá kù díẹ̀, títí tí ewúrẹ́ Màmá Stoyna fi kó wọ ibẹ̀. Ewúrẹ́ ọ̀hún sì ń sọ ilé náà di tirẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Nǹkan oko ló ń já jẹun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé àti òdòdó tí wọ́n fi ń se tíì; nígbà tí yìnyín àkọ́kọ́ bá ti bọ́, èso róòsì ìgbẹ́, àwọn pupa kéékèèké tó kún fún irun tí í yún èèyàn lọ́fun. Ó ń fi wọ́n pọn wáìnì. Wáìnì yẹn nìkan ni abúlé kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó ń bú u láàárọ̀ á gbé ìgò wá bá a lọ́sàn-án, wọ́n á sì máa pè é ní ọ̀rẹ́ mi àtàtà títí ìgò fi kún.

Ọdún kẹta rèé tí Vasilka ti kú. Àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló mú un lọ, kò ju ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta lọ. Haralampi sunkún bí ọmọdé, kò sì tijú. Ìgbà tí omijé gbẹ ló wá rí ibi tí ọ̀rọ̀ òun dé. Kí ni àkìbọlé jẹ́ nígbà tí ìyàwó bá ti kú? Ilé kì í ṣe tirẹ̀, ìyá tó wà nínú ilé kì í ṣe tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bó ṣe tan mọ́ wọn láìṣàlàyé gígùn.

Svilen, àbúrò Vasilka tó ń gbé ní Sofia, olú-ìlú, lè sọ ọ́ ní tirẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń fóònù ìyá rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó sì máa ń bi í ni, "Ọkùnrin yẹn ṣì wà ńbẹ̀?" Ó ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilé náà, àwọn ará ìlú ńlá kan tí wọ́n fẹ́ràn igi àsálà tó wà lójúde. Màmá á wá máa bá òun gbé ní àjà kẹrin, níbi tí omi gbígbóná ti ń jáde lára ògiri. Orúkọ Màmá ló wà lára ìwé ilé, nítorí náà ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù. Bó bá sọ pé ó yá, Haralampi á lọ bá ewúrẹ́. Ẹ̀rù ń bà á. Ó máa ń jí láàárọ̀, kó tó rántí nǹkan mìíràn, ẹ̀rù á ti jókòó sí i láyà.

Màmá ní tirẹ̀ kò sùn mọ́ láti ọjọ́ tí Vasilka ti kú. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, á máa rìn káàkiri ilé pẹ̀lú igi lọ́wọ́, á máa bú ìkòkò tó gbé kaná, á máa bá àwòrán Màríà Mímọ́ lára ògiri jà pé, "Ìwọ tó bímọ kan ṣoṣo, kí lo mọ̀?" Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ojú rẹ̀ á pọ́n, ìbínú rẹ̀ á sì ti lóró sí i.

Ní oṣù kìíní, Haralampi lọ já èso tó kù lára róòsì ẹ̀yìn itẹ́ òkú. Ibẹ̀ ló ti rí kókó onírun kan lórí ẹ̀ka, ó tóbi tó ọsàn, irun pupa rúsurùsu sì bò ó bí irùngbọ̀n àlùfáà tó rì sínú wáìnì. Gbogbo ayé ló mọ̀ lágbègbè yẹn pé bí èèyàn bá fi kókó onírun róòsì sábẹ́ ìrọ̀rí, yóò sùn. Ohun tí Haralampi kò mọ̀, nítorí pé àárín àwọn obìnrin lọ̀rọ̀ ọ̀hún wà, ni pé wọ́n máa ń kọ́kọ́ yan án nínú ààrò títí yóò fi gbẹ táútáú. Ó gé e ní tútù, ó gbé e wálé, ó sì tì í sábẹ́ ìrọ̀rí Màmá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù onígi tí kì í kú tọ̀sán-tòru.

Màmá sùn. Ẹ gbọ́ mi, ó sùn! Ó ń han-run débi pé ajá àdúgbò dákẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ó ní kí wọ́n fi ata sí ọbẹ̀ ẹ̀wà, ó tún rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Ó ti fọwọ́ kan kókó náà nígbà tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sọ nǹkan kan. Haralampi náà kò sọ nǹkan kan. Báyẹn ni wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn nílé yẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì ni igbe sọ.

"Ẹ gbà mí o! Ó ti pa mí o! Ẹni tó wà nílé wa ti pa mí!"

Haralampi sáré wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Màmá jókòó láàárín bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú aṣọ àwọ̀sùn, kòkòrò sì wà níbi gbogbo: lórí ìrọ̀rí, lórí irun rẹ̀, lórí imú Màríà Mímọ́. Wọ́n kéré ju èèrà lọ díẹ̀, ara wọn ń dán ní àwọ̀ ewé bí góòlù, àwọn kan sì fa ìrù tín-ín-rín tó gùn ju ara wọn lọ.

"Kí lo kó sábẹ́ mi?"

"Màmá, oorun ni. Oorun ni mo wá fún yín."

"Oorun ló ní ìrù?"

Tísà Evdokiya ló kọ́kọ́ dé, obìnrin tó kọ́ gbogbo abúlé ní ìwé kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn tó kù tẹ̀lé e, wọ́n dúró lẹ́nu fèrèsé. Ó fi ife ọtí bo kòkòrò kan mọ́lẹ̀, ó wò ó, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ bí ẹni tó rí ọmọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Agbọ́n ni, àmọ́ kì í ta èèyàn. Ẹ̀yin kọ́ ló fi ìrù yẹn ń wá." Ó fa kókó náà ya. Yàrá kéékèèké ló kún inú rẹ̀. "Agbọ́n kan ló yé ẹyin sára róòsì, tí igi fi wú tó sì hu irun, tó di ilé fáwọn ọmọ ẹ̀. Àmọ́ àwọn tẹ́ ẹ rí yìí kì í ṣe ọmọ ìyẹn. Ìyá àwọn yìí dúró níta ni, ó ti ìrù bọ ògiri, ó yé ẹyin tiẹ̀ sí yàrá ọlọ́mọ. Ọmọ tiẹ̀ jẹ ọmọ onílé tán, ó wá fẹ̀yìn lélẹ̀ sínú yàrá yẹn kí òtútù lè kọjá. Ilé yín ló móoru, wọ́n rò pé ìgbà òdòdó ti dé."

Ẹnì kan lẹ́nu fèrèsé ní, "Ìyẹn ni pé wọ́n kó wọlé onílé, wọ́n jẹ onílé, wọ́n sì ń gbé ibẹ̀ lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Haralampi! Àwọn mọ̀lẹ́bí ẹ ti dé o!"

Ẹ̀rín sọ lójúde débi pé ewúrẹ́ gbórí sókè nínú ìpìlẹ̀. Haralampi fẹ́ rẹ́rìn-ín bó ti máa ń ṣe. Ẹnu rẹ̀ kò là.

Àárín ẹ̀rín yẹn ni ọkọ̀ Svilen wọlé. Ọjọ́ yẹn ló ti dá láti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lẹ́nu ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rọ́ ọ̀rọ̀ fún un, ó gbá itan ara rẹ̀. Ó kéré sí Haralampi lọ́dún mẹ́jọ, kò sì fi "ẹ" kí i rí.

"Àkìbọlé inú róòsì! Màmá, kí lẹ tún ń wá? Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ló ránṣẹ́ sí yín lórí bẹ́ẹ̀dì. Vasilka ti lọ, ẹ̀yin ló kù tó máa jẹ. Ẹ dìde ká di ẹrù. Àti ìwọ, kó tìẹ."

Haralampi yí padà. Ó lọ sí yàrá rẹ̀, ó fa àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àpótí kan náà tó gbé wá lọ́jọ́ sí. Ó kó ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sí i àti àwòrán Vasilka. Kò rí nǹkan mìíràn tó jẹ́ tirẹ̀ kó. Ó gbé e jáde sí pálọ̀, ó dúró.

Màmá ti wọ aṣọ, ó ti wé gèlè dúdú rẹ̀, kòkòrò kan ṣì ń rìn lórí gèlè náà. Ó wo àpótí yẹn pẹ́. Ó yíjú sí Tísà.

"Onílé tó kọ́ nǹkan yìí, bí ọmọ ẹ̀ kan bá bọ́, tí wọn ò jẹ ẹ́, kí ló máa ń ṣe?"

"Á fẹnu lu ògiri, Màmá, á fò lọ."

"Ṣé ó máa ń padà wá?"

"Rárá. Kí ló fẹ́ wá ṣe?"

"Ó máa ń fóònù lọ́jọ́ Àìkú," ni Màmá wí.

Àwọn tó wà lẹ́nu fèrèsé yíjú sí Svilen. Ọrùn Svilen pọ́n.

"Màmá, ẹ̀yin náà…"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Ta ni nínú yín tí kò jẹ mí? Bàbá yín jẹ mí. Ìwọ jẹ mí títí o fi jáde yunifásítì, o tún jẹ mí ra ọkọ̀ tó o gbé wá yìí. Vasilka pàápàá, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, jẹ mí, ó sì tún kú mọ́ mi lọ́wọ́. Gbogbo yín lẹ jẹ mí. Èyí tó gbé àpótí dání yìí tilẹ̀ máa ń fọ àwo."

Ó fi igi ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Haralampi!"

Haralampi yí ẹ̀yìn padà láti wo ẹni tó ń pè. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yé e, ó jókòó sórí àpótí.

"Ìwọ ni mò ń pè, kí lò ń wò kiri? Ọjọ́ ẹ lòní. Àlejò ti kún fèrèsé láìpè, kò sì sí wáìnì lórí tábìlì, ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní ahun ni wá nílé wa ni? Svilen, bọ́ kóòtù ẹ, gbé àga wọlé. Ẹ̀yin ẹnu fèrèsé, ilẹ̀kùn wà."

Wọ́n rọ́ wọlé. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ló kọ́kọ́ nawọ́ ife. Haralampi gbé ìgò mẹ́fà wá láti ìsàlẹ̀ ilé. Ó da ìdajì ife àkọ́kọ́ sórí tábìlì, kò sì sẹ́ni tó bú u. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ Màmá, obìnrin náà fa apá rẹ̀ sísàlẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Lọ́la, wá òmíràn fún mi lẹ́yìn itẹ́ òkú. Àmọ́ yan án nínú ààrò kó o tó gbé e wá, òmùgọ̀."